Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: bí wàhálà sílíńdà ẹ́ńjìnnì bàlúù ṣe yanjú, 1903 sí 1927

Iná tó ń jó nínú sílíńdà ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù máa ń gbóná ju 2,000 dígírì Sẹ́ẹ̀síọ̀sì lọ ní kété tó bá ràn. Alúmíníọ̀mù tí kò ní àbùlà ń yọ́ ní 660 dígírì, irin kásítì ní nǹkan bí 1,200. Kò sí irin tí ẹ lè fi ṣe sílíńdà tí yóò fara da iná yẹn bí ooru kò bá tètè rí ọ̀nà jáde. Mọ́tò lè gbé irin tó nípọn àti omi púpọ̀ rù, nítorí ilẹ̀ ló ń tẹ̀. Bàlúù kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo kílò tí ẹ bá fi kún sílíńdà, apá bàlúù ni yóò gbé e lọ sókè.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fi jìjàkadì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bí ẹ ti ń bá àwọn ìpele yìí lọ, ojú ibi tí irin méjì ti pàdé ni kí ẹ máa wò. Ibẹ̀ ni ooru ti ń há. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe ìsàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá wọn.

Ìṣirò tí a ó máa lò

Bí ooru irin bá fi 100 dígírì lé, mítà kan alúmíníọ̀mù máa fi 2.3 mìlímítà (mm) gùn sí i. Idẹ máa fi 1.8 mm gùn, sítíìlì 1.2 mm, irin kásítì 1.1 mm. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri.

Ní ti gbígbé ooru lọ, alúmíníọ̀mù tí wọ́n dà ń gbé e tó ìlọ́po mẹ́ta sítíìlì, bàbà sì ju alúmíníọ̀mù lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Afẹ́fẹ́ ni kò fẹ́ gbé e rárá. Bí àlàfo 0.1 mm bá wà láàárín irin méjì tí afẹ́fẹ́ gbígbóná sì wà nínú rẹ̀, ìdènà tí àlàfo yẹn máa ṣe fún ooru tó ti alúmíníọ̀mù tó nípọn ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Bébà tí ẹ fi ń kọ̀wé ló nípọn tó 0.1 mm.

Ìpele 1. Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio, 1903

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé síwájú: ẹ́ńjìnnì tó lè mú agbára ẹṣin 8 wá, ó kéré tán, láìwúwo jù. Kò sí ilé iṣẹ́ mọ́tò kankan tó lè tà á fún àwọn Wright, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń kọ́ bàlúù, wọ́n bá ní kí Charlie Taylor, mẹ́káníìkì wọn, ṣe é. Ẹ̀rọ léètì, ẹ̀rọ ìlurin àti irinṣẹ́ ọwọ́ ló wà nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi parí rẹ̀.

Sílíńdà mẹ́rin tó dùbúlẹ̀. Inú ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínṣì 4 (101.6 mm), ìrìn písítìnì (irin tí iná ń tì nínú sílíńdà) náà jẹ́ ínṣì 4. Wọ́n da àpótí kíráńkì (ilé ọ̀pá tí písítìnì ń yí) pọ̀ mọ́ ẹ̀wù omi (àyè tí omi ti ń yí sílíńdà ká láti tù ú) ní dídà kan ṣoṣo, pẹ̀lú alúmíníọ̀mù tó ní bàbà 8 nínú 100. Wọ́n gé ara sílíńdà láti inú irin kásítì, wọ́n gé tírẹ́ẹ̀dì sí i lára, wọ́n sì yí i wọ inú alúmíníọ̀mù náà. Ìdí rẹ̀ ni pé písítìnì kò gbọdọ̀ máa rìn lórí alúmíníọ̀mù. Ó rọ̀ jù, kíá ni yóò họ. Ìpín iṣẹ́ yẹn dára. Irin kásítì gba ìfarakanra, alúmíníọ̀mù dín ìwúwo kù.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ yọjú ní kíákíá. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì ní oṣù kejì ọdún 1903. Ní ọjọ́ kejì ìdánwò, bíárìn gan, ẹ́ńjìnnì dúró lójijì, àpótí alúmíníọ̀mù sì fọ́. Ogúnjọ́ oṣù kẹrin ni dídà tuntun dé láti ilé ìyọ́rin. Nígbà tí àpótí kíráńkì àti ẹ̀wù omi bá jẹ́ dídà kan, bíárìn kan ṣoṣo lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Oṣù méjì ni dídà kan náà gbà lọ́wọ́ wọn.

Àṣìṣe kejì ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Omi yí ara sílíńdà ká, ṣùgbọ́n kò dé àpótí fáàfù (ilẹ̀kùn tí epo ń gbà wọlé tí èéfín ń gbà jáde) tó wà lórí rẹ̀, níbi tí iná gan-an wà. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa lápálápá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan, agbára ẹṣin 16 ló ń mú wá. Kò pẹ́ tí orí sílíńdà á fi gbóná, agbára á sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 12. Atẹ́gùn tó ń wọlé ti ń gbóná kó tó dé inú sílíńdà, atẹ́gùn gbígbóná sì fúyẹ́, nítorí náà ohun tó ń jó nínú sílíńdà dín kù. Kò sí kábúrétọ̀. Epo ń kán sórí irin gbígbóná kó lè di èéfín, èyí sì tún fi kún un.

Agbára 12 tó wọn, torí wọ́n ti ṣírò pé 8 ni àwọn nílò. Ìfò tó gùn jù lọ ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 59. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lè gbé orí tí kò ní omi. Ẹni tó bá fẹ́ fò fún wákàtí kan kò lè lo irú rẹ̀.

Ìpele 2. Faransé, 1906 sí 1913

Ọ̀nà méjì kan wà tí a ò ní pẹ́ lórí wọn. Levavasseur fi iná mànàmáná bo sílíńdà ẹ́ńjìnnì Antoinette rẹ̀ pẹ̀lú bàbà tín-ín-rín, kí ó lè di ẹ̀wù omi. Ó fúyẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gba ìfarabalẹ̀ ni, ó sì ṣòro láti tún ṣe bó bá jò. Ẹ́ńjìnnì Anzani, tí awakọ̀ Blériot fi kọjá òkun lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 25 oṣù keje 1909, ní sílíńdà irin kásítì mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ lásán ń tù. Anzani tó ṣe é lu ihò sí ìsàlẹ̀ sílíńdà, pé bí písítìnì bá dé ibẹ̀, kí èéfín gbígbóná gba ibẹ̀ jáde, kí ó má ba à jẹ́ fáàfù ló máa jìyà gbogbo rẹ̀. Ó ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì ń gba ihò kan náà jáde, ojú awakọ̀ ló sì ń dà sí.

Ẹ́ńjìnnì Gnome ló yẹ ká jókòó tì. Louis àti Laurent Seguin ni wọ́n ṣe é. Sílíńdà méje tó tò yí ká bí ìtànná òdòdó, inú ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 110 mm, ìrìn písítìnì 120 mm, agbára ẹṣin 50, ìwúwo 75 kílò péré. Kíráńkì kò yí. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń yí pẹ̀lú pọrọpẹ́là, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí sílíńdà nígbà gbogbo, kódà bí bàlúù bá dúró lórí ilẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe sílíńdà kan:

1. Wọ́n mú irin sítíìlì tó ní níkẹ́lì, èyí tí wọ́n ti lù dáadáa, láìní ihò nínú.
2. Wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ jáde lórí léètì.
3. Wọ́n gé ìta rẹ̀ títí lẹbẹ afẹ́fẹ́ (àwọn etí tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn ti ń gba ooru) fi yọ jáde lára irin kan náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú irin náà di ìfọ́fọ́ nílẹ̀.
4. Ògiri tó kù láàárín lẹbẹ méjì nípọn tó 1.5 mm.

Ẹ wò ó: orí àti ara jẹ́ irin kan. Kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun tí wọ́n fi ń dí ojú ìpàdé), kò sí ibi tí ooru ti máa fo kọjá. Ní ti ojú ìpàdé, wọ́n ti borí.

Ibi tó ti bà wọ́n ni pé ògiri 1.5 mm kò lè dúró ní rogodo. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, ẹ̀gbẹ́ sílíńdà tó kọjú sí ibi tó ń lọ ń gba atẹ́gùn tútù, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn wà ní ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Ẹ̀gbẹ́ kan fẹ̀ ju ìkejì lọ, sílíńdà wá rí bí ẹyin. Sítíìlì kì í tètè pín ooru yí ara rẹ̀ ká, èyí ló jẹ́ kó burú. Ríńgì irin kásítì lásán, tó ń dí àlàfo láàárín písítìnì àti ògiri, le jù, kò lè tẹ̀ lé ihò tó ń yí ìrísí padà, iná sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Àtúnṣe tí wọ́n ṣe ni ríńgì idẹ tín-ín-rín kan tí ìgékù rẹ̀ rí bíi lẹ́tà L. Bí iná bá ti tì í láti òkè, etí rẹ̀ á fẹ̀ lọ bá ògiri sílíńdà níbikíbi tí ògiri bá wà. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́. Bó bá ṣẹ́, iná á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìnì, á jó ibẹ̀, sílíńdà á gbẹ, ohun gbogbo á gan. Ẹni tó bá ń tún ẹ́ńjìnnì yìí ṣe gbọ́dọ̀ yẹ ríńgì idẹ náà wò nígbàkígbà tó bá tú u, kí ó sì pààrọ̀ rẹ̀ láìṣe àní-àní.

Wàhálà kejì: fáàfù ìfàwọlé wà lórí písítìnì fúnra rẹ̀, epo àti afẹ́fẹ́ sì ń gba inú àpótí kíráńkì kọjá. Bí fáàfù yẹn bá há ní ṣíṣí, iná á sọ̀ kalẹ̀ bá epo nínú àpótí kíráńkì. Ní 1913 wọ́n mú un kúrò pátápátá nínú Monosoupape. Fáàfù kan ṣoṣo ló kù lórí sílíńdà, epo sì ń gba àwọn ihò tó wà ní ìsàlẹ̀ ògiri wọlé nígbà tí písítìnì bá ti kọjá wọn.

Nítorí pé epo bẹntiróòlù ń gba inú àpótí kíráńkì kọjá, ọ́ìlì tí wọ́n ń wà láti inú ilẹ̀ kò ṣeé lò. Bẹntiróòlù máa tú u, á sì fọ̀ ọ́ dànù lára bíárìn. Epo lárà kì í yọ́ nínú bẹntiróòlù bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n ń lò. Ó ń lọ lọ́nà kan ni, kì í padà sínú táńkì. Ara bàlúù àti aṣọ awakọ̀ ló ń bá a.

Ìpele 3. Ríńgì idẹ kúrò níbẹ̀

Clerget, ẹ́ńjìnnì Faransé mìíràn tó ń yí, lo irú ríńgì idẹ yìí kan náà, irú ìyà kan náà ló sì ń jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí W. O. Bentley wò ó. Dípò tí ì bá fi wá ríńgì tó dára jù, sílíńdà ló dojú kọ. Ó fi alúmíníọ̀mù ṣe ara sílíńdà, ó sì há sílíìfù (páìpù tín-ín-rín tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀) irin kásítì mọ́ inú rẹ̀. Alúmíníọ̀mù ń tètè pín ooru yí ká, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná dọ́gba, sílíńdà sì dúró ní rogodo. Ríńgì lásán tó o. Ó tún fi písítìnì alúmíníọ̀mù rọ́pò ti irin kásítì. Ẹ́ńjìnnì náà, BR1, inú rẹ̀ fẹ̀ ní 120 mm, ìrìn písítìnì 170 mm, agbára ẹṣin 150. Ilé iṣẹ́ Humber ní Coventry ni wọ́n ti ṣe é ní 1916. Owó rẹ̀ tún wálẹ̀: Clerget ń lọ ní nǹkan bí 900 pọ́n-ùn, BR1 fi ohun tó ju 250 dín sí i.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbí fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́: ibi tí ó ti ń bàjẹ́ kọ́ ni àrùn wà. Ríńgì ló ń ṣẹ́, sílíńdà ló ń ṣàìsàn.

Ẹ ṣírò bí sílíìfù ṣe gbọdọ̀ há tó. Ìyàtọ̀ láàárín alúmíníọ̀mù àti irin kásítì jẹ́ 1.2 mm lórí mítà kan fún 100 dígírì. Lórí ìfẹ̀ 120 mm, bí ooru bá fi 150 dígírì lé, alúmíníọ̀mù máa fi nǹkan bí 0.22 mm fẹ̀ ju sílíìfù lọ. Bí ẹ kò bá há a ju 0.22 mm lọ ní tútù, sílíìfù máa tú nínú ooru, àlàfo á sì wọlé.

Ìpele 4. Omi, sítíìlì àti alúmíníọ̀mù

Àwọn Jámánì gba ọ̀nà mìíràn. Nínú Mercedes D.III, sílíńdà mẹ́fà ló dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, 140 mm ní ìfẹ̀, 160 mm ní ìrìn písítìnì, gbogbo rẹ̀ sítíìlì, wọ́n sì jó páànù sítíìlì mọ́ ọn lára láti fi ṣe ẹ̀wù omi. Rolls-Royce Eagle tẹ̀ lé ọ̀nà yìí, Liberty ti Amẹ́ríkà náà tẹ̀ lé e ní 1917. Ó dára torí pé ẹ lè pààrọ̀ sílíńdà kan láìfọwọ́ kan ìyókù. Àléébù rẹ̀ ni ojú jíjó tó pọ̀, tí gbígbọ̀n á sì máa là. Àti pé sílíńdà tó dá dúró kò ran àpótí kíráńkì lọ́wọ́ láti le. Ford rí i pé lílu sítíìlì fún sílíńdà Liberty lọ́kọ̀ọ̀kan ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gé páìpù sítíìlì, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sí ìrísí rẹ̀. Iye tí wọ́n ń ṣe lóòjọ́ kúrò ní 151, ó ju 2,000 lọ.

Ẹ́ńjìnnì Hispano-Suiza ni mo yàn nínú ìpele yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni àlàfo 0.1 mm ti fara hàn gbangba. Marc Birkigt, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Barcelona, da sílíńdà mẹ́rin pọ̀ sínú bọ́lọ́ọ̀kù alúmíníọ̀mù kan ní 1915, bọ́lọ́ọ̀kù méjì fún ẹ́ńjìnnì kan. Inú rẹ̀ fẹ̀ ní 120 mm, ìrìn písítìnì 130 mm, agbára ẹṣin 150. Ó yí sílíìfù sítíìlì tó ní tírẹ́ẹ̀dì láti òkè dé ìsàlẹ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí sílíìfù náà dí bíi ife tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, inú orí sítíìlì yẹn ni fáàfù jókòó sí.

Dídà alúmíníọ̀mù ìgbà yẹn máa ń ní ihò wíwẹ́wẹ́ tí ojú kò rí, omi sì ń sun jáde. Wọ́n fi ìtẹ̀ ti ọ̀dà líle wọ inú ihò wọ̀nyẹn nínú àti lóde. Ìyẹn yanjú.

Èyí tí kò yanjú ni fáàfù èéfín tó ń jó. Ooru ní láti gba ìjókòó fáàfù kọjá sínú orí sítíìlì, kí ó tó fo sínú alúmíníọ̀mù, kí ó tó dé inú omi. Ní 150 dígírì lé, ìyàtọ̀ alúmíníọ̀mù àti sítíìlì lórí 120 mm jẹ́ 0.2 mm, ìyẹn 0.1 mm ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ẹ̀gbẹ́, tírẹ́ẹ̀dì ṣì lè fara kan ara wọn díẹ̀. Ní orí, níbi tó tẹ́jú, kò sí ohun tó dì wọ́n mú. Orí sítíìlì á yà kúrò lára alúmíníọ̀mù, fáàfù á sì pupa bí ẹyin iná. Ẹ́ńjìnnì tó dára gan-an nínú ohun gbogbo tó kù ni. Ibi kan yìí ló ń pa á.

Ìpele 5. Farnborough, láti 1915

Ilé iṣẹ́ bàlúù ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń tù, RAF 1a, sílíńdà mẹ́jọ, 100 mm ní ìfẹ̀, 140 mm ní ìrìn, gbogbo rẹ̀ irin kásítì. Ó ń gbóná jù. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé wọ́n ń fi bẹntiróòlù kún un ju bó ṣe yẹ lọ, kí epo tí kò jó lè máa tù ú. Owó epo ni wọ́n fi ń ra ìtutù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n A. H. Gibson àti Sam Heron gbé e kalẹ̀, wọ́n ń dán sílíńdà kan ṣoṣo wò lẹ́yìn òmíràn dípò odindi ẹ́ńjìnnì. Ọgbọ́n tó ń dín ìnáwó kù nìyẹn. Bí sílíńdà kan bá fọ́, ẹ kò pàdánù mẹ́jọ. Ibi tí wọ́n dé:

1. Iná gbọ́dọ̀ fara kan alúmíníọ̀mù tó ní lẹbẹ lára tààrà. Kò gbọdọ̀ sí sítíìlì láàárín.
2. Sítíìlì ni kí ara sílíńdà jẹ́, kí lẹbẹ rẹ̀ jẹ́ gígé láti ara irin kan náà.
3. Kí wọ́n yí orí mọ́ ara pẹ̀lú tírẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n sì fi ooru há a. Kò sí bóòtì, kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì.
4. Kí fáàfù méjèèjì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, kí afẹ́fẹ́ lè kọjá láàárín wọn. Bí wọ́n bá dúró gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, irin àárín wọn kò ní rí atẹ́gùn, á sì là.
5. Kí ọ̀nà èéfín kúrú. Gbogbo sẹ̀ǹtímítà tí èéfín bá fi rìn nínú orí ń fi ooru kún orí náà.

Ojú ìpàdé ṣì wà o. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbi tí iná ti le jù. Ooru orí kò ní í kọjá lórí rẹ̀ mọ́ kó tó jáde. Láti inú iná sí alúmíníọ̀mù, láti alúmíníọ̀mù sí lẹbẹ, láti lẹbẹ sí atẹ́gùn. Ẹ wo sílíńdà ọ̀kadà èyíkéyìí tí afẹ́fẹ́ ń tù, ẹ máa rí lẹbẹ alúmíníọ̀mù lórí rẹ̀.

Ìpele 6. Èyí tó kùnà jù

Ẹ̀kọ́ Farnborough ti wà nílẹ̀, síbẹ̀ ní 1918 ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ fi ọkàn tán ẹ́ńjìnnì ABC Dragonfly ti Granville Bradshaw. Sílíńdà mẹ́sàn-án tó tò yí ká, tí kì í yí. Ìlérí rẹ̀: agbára ẹṣin 340. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ púpọ̀ ṣe 11,050 kí ìdánwò tó parí. Èyí tí wọ́n rí ṣe jẹ́ 1,147, agbára rẹ̀ kò sì dé 300.

Sítíìlì ni sílíńdà àti lẹbẹ rẹ̀, wọ́n wá fi bàbà bo ojú lẹbẹ, pé bàbà ń gbé ooru lọ dáadáa. Òótọ́ ni pé bàbà ń gbé e. Ṣùgbọ́n ooru ní láti gba inú sítíìlì kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ bàbà, ìbora tín-ín-rín kò sì ní ara tó lè fi gbé ooru láti ìdí lẹbẹ dé etí rẹ̀. Ìnípọn ni lẹbẹ fi ń gbé ooru. Ojú dídán kò ràn án lọ́wọ́. Sílíńdà gbóná títí ó fi ń pupa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìyára tí wọ́n fẹ́ kó máa fi ṣiṣẹ́ bọ́ sí ìyára tí kíráńkíṣáàfù rẹ̀ ń gbọ̀n jù lọ, ó sì ń ṣẹ́ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Àṣìṣe tó dùn wá jù nínú gbogbo àkọsílẹ̀ yìí nìyí, torí pé ìdáhùn ti wà nínú ìwé ìdánwò ní orílẹ̀-èdè kan náà.

Ẹ́ńjìnnì Bristol Jupiter tó tẹ̀ lé e ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n orí tirẹ̀ náà jẹ́ sítíìlì tó dí, tí wọ́n wá de alúmíníọ̀mù mọ́ òkè rẹ̀ bí ẹni lẹ ewé gígún mọ́ egbò. Bí ewé bá ti gbẹ, ó ń ṣí. Bí alúmíníọ̀mù bá ti gbóná, òun náà ń ṣí. Nígbà tó yá, Bristol fúnra rẹ̀ padà sí orí alúmíníọ̀mù tó ní tírẹ́ẹ̀dì.

Ìpele 7. Amẹ́ríkà, 1921 sí 1925: orí tí wọ́n fi ooru há

Heron kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1921, ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ ogun ní McCook Field, ní Dayton kan náà tí ìpele 1 ti wáyé. Ẹ́ńjìnnì Charles Lawrance, tí ilé iṣẹ́ Wright ti rà pẹ̀lú ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní 1923, ni wọ́n wá fi ọ̀nà sílíńdà Heron tún ṣe. Èyí di Wright J-5 Whirlwind ní 1925: sílíńdà mẹ́sàn-án, ínṣì 4.5 (114.3 mm) ní ìfẹ̀, ínṣì 5.5 ní ìrìn písítìnì, agbára ẹṣin 220.

Bí a ṣe ń há irú orí bẹ́ẹ̀ nìyí. Ká ní tírẹ́ẹ̀dì fẹ̀ tó 120 mm.

1. Gé ara sítíìlì parí lóde, lẹbẹ àti tírẹ́ẹ̀dì òkè. Fi inú rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkéré. Má tíì gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n.
2. Ṣírò ìhámọ́ra. Bí méjèèjì bá fi 200 dígírì gbóná sí i, alúmíníọ̀mù máa fi nǹkan bí 0.26 mm fẹ̀ ju sítíìlì lọ. Jẹ́ kí tírẹ́ẹ̀dì orí fi 0.3 mm kéré sí ti ara. Bí ẹ bá fi í sí 0.2, orí máa tú lójú òfuurufú. Bí ẹ bá fi í sí 0.5, alúmíníọ̀mù lè là bó bá ti ń tutù.
3. Fi maikirómítà wọn ọ̀nà mẹ́rin yí ká. Tírẹ́ẹ̀dì tó rí bí ẹyin kò ní há dọ́gba.
4. Gbé orí sínú ààrò títí gbogbo rẹ̀ á fi dé 300 dígírì. Má ṣe lo iná wẹ́dà. Ẹ̀gbẹ́ kan á gbóná, ìkejì á tutù. Má sì ṣe fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún wákàtí lórí wákàtí, alúmíníọ̀mù máa rọ̀. Jẹ́ kí ara sítíìlì wà ní tútù.
5. Orí ti fi nǹkan bí 0.77 mm fẹ̀ báyìí. Yọ 0.3 tí ẹ há a, àyè 0.47 mm ló kù. Yí i wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́, láìdúró, títí èjìká rẹ̀ á fi jókòó. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ ní, torí sítíìlì ti ń gba ooru láti ara rẹ̀.
6. Bó bá gan láàárín ọ̀nà, má ṣe fi ọ̀pá gígùn fipá yí i. Tírẹ́ẹ̀dì alúmíníọ̀mù á ya. Orí yẹn ti lọ. Gé e kúrò kí ẹ lè gba ara sílẹ̀.
7. Jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Omi kò gbọdọ̀ kàn án.
8. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó gbẹ́ inú sílíńdà dé ìwọ̀n, torí orí ti fún òkè ara mọ́ra. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ kó tó há a máa rí i pé písítìnì há lókè.
9. Tì í ní afẹ́fẹ́, fi omi ọṣẹ kùn ún lójú ìpàdé, kí ẹ wá ìfóòfó.

Ẹ má gbẹ́ inú rẹ̀ ní gbọọrọ pátápátá. Òkè máa ń gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 100 dígírì, òkè sítíìlì tó fẹ̀ ní 114.3 mm máa fi nǹkan bí 0.14 mm fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Nítorí náà, fún òkè ní ìdínkù tó sún mọ́ iye yẹn nígbà tó tutù. Yóò di gbọọrọ nígbà tó bá gbóná.

Ṣé tírẹ́ẹ̀dì nìkan lè gbà á? Bí ìtẹ̀ iná bá dé 30 kílò lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ìfẹ̀ 114.3 mm túmọ̀ sí pé iná ń ti orí sókè pẹ̀lú tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Tírẹ́ẹ̀dì tó yí ká pín ẹrù yẹn dọ́gba. Bóòtì mẹ́rin á gbé e sórí ibi mẹ́rin péré, àárín bóòtì á sì ṣí.

Ìjókòó fáàfù kò lè jẹ́ alúmíníọ̀mù. Fáàfù á lù ú wọlé. Wọ́n há òrùka mìíràn mọ́ ọn. Idẹ dára ju sítíìlì lọ níbẹ̀, torí fífẹ̀ idẹ (1.8) sún mọ́ ti alúmíníọ̀mù (2.3) ju ti sítíìlì (1.2) lọ, kò ní tètè tú.

Ìpele 8. Fáàfù èéfín

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ohun kan ṣì wà tí afẹ́fẹ́ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: fáàfù èéfín, tó wà láàárín iná fúnra rẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, sítíìlì tó le kì í sì í gbé ooru lọ dáadáa. Wọ́n gbẹ́ inú ọ̀pá náà, wọ́n fẹ́ fi nǹkan olómi sí i, kí ó máa mì lọ mì bọ̀ bí fáàfù bá ti ń ṣí tó ń pa dé, kí ó máa bu ooru láti orí wá sí ìsàlẹ̀.

Mẹ́kúrì ni àwọn kan kọ́kọ́ dán wò. Kì í lẹ̀ mọ́ sítíìlì, nítorí náà kì í bu ooru, ìtẹ̀ rẹ̀ sì ń pọ̀ bó bá gbóná. Heron lo iyọ̀ tó ń yọ́, àdàlù sódíọ̀mù náítíréètì àti pọtásíọ̀mù náítíréètì. Ó sàn jù. Lẹ́yìn náà ló lo sódíọ̀mù gan-an. Ó ń yọ́ ní 98 dígírì, kì í hó títí di 883, ó sì ń lẹ̀ mọ́ sítíìlì. Má kún ihò náà. Bí kò bá sí àyè, kò ní mì. Nǹkan bí ìdajì ló tó. Omi kankan kò gbọdọ̀ sí nítòsí nígbà tí ẹ bá ń fi í sí i, torí sódíọ̀mù máa gbiná bí omi bá kàn án. Bí irú fáàfù yìí bá ti gbó, ẹ má ṣe fi ayùn gé e láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àbájáde: ọjọ́ 20 sí 21 oṣù karùn-ún 1927, J-5 kan ṣoṣo gbé awakọ̀ Lindbergh láti New York dé Paris fún wákàtí 33 àti ààbọ̀ láìdúró. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, J-5 mìíràn gbé Chamberlin láti New York dé Jámánì, ó ju wákàtí 42 lọ. Ẹ ránti pé nínú ìpele 1, agbára ti ń wálẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan.

Ohun tó ṣì kù nílẹ̀ lórí J-5: apá tó ń ti fáàfù wà nínú àpótí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò dé ibẹ̀. Gírísì ni wọ́n ń fi ọwọ́ fún sí i. Ẹni tó bá ń tọ́jú ọ̀kan gbọ́dọ̀ yí gbogbo sílíńdà mẹ́sàn-án ká pẹ̀lú ìbọn gírísì, fáàfù méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.